Ẹ Bi Màmá Báọ́lọ́jì: Àwọn Ohun Tí Ń Rákò àti Orúkọ Wọn

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ẹ kú oṣù tuntun o. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí pọ̀, ó sì jọ pé ẹ ti pàdé pọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ wọ́n, torí ejò, alángbá, ìgbín àti aràn ló kún inú wọn. Ibi tí orúkọ táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n ti wá lẹ fẹ́ mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n kọ ewé tó ń pa oró ejò ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé ẹni tí ejò bá ṣán lọ, kẹ́ ẹ sì yára.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní yunifásítì délé nígbà ìsinmi, ó ní herpetology lòun fẹ́ kà síwájú. Bàbá wa ti rí herpes rí lára pátákó ìkìlọ̀ ní ọsibítù, ni wọ́n bá fárígá pé ọmọ àwọn ò ní fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe iṣẹ́ àrùn ìbálòpọ̀. Àbúrò mi ní ejò àti alángbá ni, bàbá ní irọ́ ló ń pa. Kí ló da ejò pọ̀ mọ́ àrùn? — Ẹ̀gbọ́n ọmọ, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n ọmọ, o ṣeun tó o tètè kọ̀wé. Àbúrò rẹ ò parọ́. Bàbá yín náà ò sì gbọ́ òdì, torí pé ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, herpein, tó túmọ̀ sí kí nǹkan máa rákò. Ohun tó bá ń rákò, herpeton ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀kọ́ nípa wọn ló ń jẹ́ herpetology: ejò, alángbá, ọ̀nì, alábahun, títí kan ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré tó jẹ́ pé fífò ni wọ́n ń fò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ bá ń dùn, kó ní sùúrù, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn nínú lẹ́tà tó tẹ̀ lé èyí.

Herpes ńkọ́? Láyé Hippocrates, oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́, ó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, kò sí oníṣègùn tó mọ nǹkan tó ń jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ohun tójú wọn rí ni wọ́n sọ. Wọ́n á rí egbò wẹ́wẹ́ níbì kan lára aláìsàn lónìí. Tó bá dọ̀la, ó ti sún síwájú. Tó bá di ọ̀tunla, ó ti gba ibòmíràn. Lójú tiwọn, ńṣe ni nǹkan náà ń rá lọ lórí awọ. Wọ́n bá sọ ọ́ ní herpes. Oríṣiríṣi egbò tó ń ràn lára awọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn dókítà tó dé lẹ́yìn ló wá fi orúkọ náà sọrí àwọn àìsàn díẹ̀ tá a mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ti ìbálòpọ̀. Ẹ̀yin àgbàlagbà kan mọ èyí tó máa ń sú sí ìhà ẹyọ kan, tó ń ta bí iná, tí ò ní jẹ́ kéèyàn wọ ẹ̀wù. Herpes zoster nìyẹn, zoster sì ni bẹ́líìtì lédè Gíríìkì, torí bó ṣe máa ń gba ẹ̀gbẹ́ yí ara. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa chickenpox fún ọmọdé ló ń fà á.

Tí bàbá yín bá jẹ́ ẹni tó ń ka Bíbélì láràárọ̀, fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 1, ẹsẹ 24. Níbi tí Bíbélì Yorùbá ti sọ pé "ohun tí ń rákò", herpeta ló wà nínú Bíbélì Gíríìkì tí wọ́n túmọ̀ ní Alẹkisáńdíríà nílẹ̀ Íjíbítì kí wọ́n tó bí Jésù. Nínú ti Látìn tí Jerome túmọ̀, reptilia ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn náà ni reptile tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ń pè. Bàbá yín ti ń ka kọ́ọ̀sì àbúrò rẹ láti ọjọ́ pípẹ́, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Ó tún kù o. Àwọn ará Róòmù ní ọ̀rọ̀ méjì fún ìrákò. Ọ̀kan ni repere, òun ló bí reptile. Èkejì ni serpere, òun ló bí serpent. Gbé serpere sẹ́gbẹ̀ẹ́ herpein, kó o pè wọ́n sókè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni! Láti ìdílé èdè kan ni Látìn àti Gíríìkì ti ṣẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ibi tí Látìn ti di "s" mú níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Gíríìkì sọ ọ́ di "h". Méje lédè Látìn ni septem, hepta ni lédè Gíríìkì. Mẹ́fà ni sex, hex ni lọ́hùn-ún. Iyọ̀ ni sal, hals ni lọ́hùn-ún. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Ìlú táwa yòókù ń pè ní Ọ̀wọ̀, Ọ̀ghọ̀ làwọn onílùú fúnra wọn ń pè é, kò sì sẹ́ni tó rò pé ìlú méjì ni. Nítorí náà, ejò inú ọgbà Édẹ́nì àti egbò etí ẹnu, orúkọ kan ni wọ́n jọ ń jẹ́. Àwọn oníṣègùn tó ń kọ Látìn tiẹ̀ tún mú nínú serpere, wọ́n fi sọ àìsàn awọ tó ń ràn káàkiri ní serpigo, wọ́n sì ń ka làpálàpá mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọmọ ló kù. Ẹ sọ fún bàbá pé Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò sínú àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì lọ́dún 2017, àti pé ní Kaltungo, ìpínlẹ̀ Gombe, ilé ìwòsàn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tí ejò ṣán ni iṣẹ́ wọn. Wọn ò lè ṣe oògùn oró ejò láìsí ẹni tó mọ irú ejò tó wà níbì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ìwúre ló yẹ kí wọ́n ṣe fún un.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ mi wà ní praimárì karùn-ún. Wọ́n ní kó dárúkọ ẹranko afàyàfà mẹ́rin, ó kọ ejò, alángbá, ọ̀nì àti ìgbín. Tíṣà wọn fagi lé ìgbín. Ọmọ ní, "Mọ́mì, ta ló ń fàyà fà tó ìgbín?" Mi ò rí nǹkan sọ. Èmi náà wá ń rò ó pé alángbá lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Báwo ló ṣe jẹ́ afàyàfà? — Ìyá ọmọ, Ìkòròdú

Ìyá ọmọ, ẹ bá mi gbá ọmọ yẹn mọ́ra. Orí ẹ̀ pé.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ alángbá bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ tún gbọ́ ọ: ó danú délẹ̀. Ẹ lọ wo èyí tó wà lára fẹ́ǹsì yín. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ wà lábẹ́ ara ẹ̀, ó gbé ikùn ẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ti alángbá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ yọ síta, inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ilẹ̀, tó bá sì ń sáré, ìbàdí ẹ̀ á máa fì sọ́tùn-ún sósì gẹ́lẹ́ bí ara ejò ṣe ń lọ́. Ẹsẹ̀ ní í fi í rìn lóòótọ́, àmọ́ ara ẹ̀ ò tíì kúrò nílẹ̀. Ohun táwọn ará Róòmù rí nìyẹn tí wọ́n fi kó òun àti ejò sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹni tó wá da ọ̀rọ̀ náà rú ni Carl Linnaeus, ará Sweden, tó tò gbogbo ẹ̀dá sínú ìwé. Nínú ẹ̀dà kẹwàá ìwé ẹ̀, Systema Naturae, lọ́dún 1758, ó kó wọn sábẹ́ orúkọ ńlá kan, Amphibia, ó wá pín wọn. Àwọn tí ò lẹ́sẹ̀, ó pè wọ́n ní Serpentes. Àwọn tó lẹ́sẹ̀, ìyẹn alángbá, ọ̀nì, alábahun àti ọ̀pọ̀lọ́, ó pè wọ́n ní Reptiles. Ìyá ọmọ, ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tó lẹ́sẹ̀ gan-an ló yọ orúkọ afàyàfà fún. Bàbá yìí ò tiẹ̀ fẹ́ràn wọn rárá. Ó to ẹ̀gàn wọn jọ sínú ìwé: ara wọn tutù, awọ wọn dọ̀tí, ojú wọn burú, òórùn wọn ò dáa, ohùn wọn há, ibùgbé wọn rí jákujàku. Ó ní ìdí nìyẹn tí Ẹlẹ́dàá ò fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èmi tí mo fi gbogbo ìgbà iṣẹ́ mi gbé pẹ̀lú ejò inú ìgò fọ́málínì nínú láàbù, mo mọ̀ pé ìkórìíra ló ń bá a jà. Ẹ̀dá afàyàfà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láyé báyìí ti lé ní 12,000 irú.

Lẹ́yìn èyí làwọn ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé náà tò. Lọ́dún 1825, Pierre Latreille ya ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré sọ́tọ̀, torí pé inú omi ni ọmọ wọn ti ń dàgbà, awọ wọn ò sì ní ìpẹ́. Wọ́n gba orúkọ Amphibia lọ, alángbá àti ejò dúró sídìí reptile. Àmọ́ àwọn herpetologist ò dá ọ̀pọ̀lọ́ padà. Àtìgbà táwọn méjèèjì ti jọ ń gbé nínú yàrá kan ni wọ́n ti ń kọ́ wọn pọ̀, wọ́n ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ di òní.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìgbín. Tíṣà rí i sọ pé ìgbín kì í ṣe reptile: kò léegun, kò ní ìpẹ́, inú ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ran rírọ̀ ló wà, Mollusca, látinú mollis tí í ṣe rírọ̀ lédè Látìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí Georges Cuvier fún ìdílé ìgbín: Gastropoda. Gaster ni ikùn, pous ni ẹsẹ̀. Ẹni tó ń fi ikùn ṣe ẹsẹ̀! Ohun tí ọmọ yín sọ gan-an nìyẹn. Ìgbín ńlá inú igbó wa tún ní orúkọ tó rẹwà, Archachatina marginata. Achates ni òkúta olówó iyebíye kan tó ní ìlà lára bíi tìkarahun ẹ̀.

Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ni ò dáa. Tí ẹ bá bi ọmọdé léèrè ẹranko tó ń fàyà fà, ohun tó ń fàyà fà ló máa kọ. Tó bá jẹ́ reptile lẹ fẹ́, ẹ sọ ọ́ fún un pé ó léegun ẹ̀yìn, ó ní ìpẹ́, ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí. Tó bá jẹ́ èmi ni, máa fún un ní máàkì.

Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Nígbà èwe wa, sòbìà ló ń dá àgbẹ̀ dúró nílé nígbà iṣẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣé òun náà lórúkọ nínú ìwé yín, àbí ó ti parẹ́ láyé? — Bàbá àgbà, Òkè-Ògùn

Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ̀mí yín á gùn.

Dracunculus medinensis lorúkọ ẹ̀. Draco ni ejò abàmì inú ìtàn, dírágónì. Dracunculus sì ni ọmọ ẹ̀ kékeré. Mẹ̀dínà ni medinensis, ìlú Ànábì. Àwọn oníṣègùn tó ń kọ̀wé lédè Lárúbáwá, Ibn Sina nínú wọn, mọ àìsàn yìí dáadáa, wọ́n ń pè é ní iṣan Mẹ̀dínà, torí ó wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún, ó sì jọ iṣan tó ń jáde lára èèyàn. Nígbà tí Linnaeus fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1758, ó mú Mẹ̀dínà yẹn. Òyìnbó tó ń ṣòwò létí òkun wa níbí pè é ní Guinea worm. Ẹ ẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe ń tì í síra wọn lọ́rùn, Bàbá: wọ́n tì í sí Mẹ̀dínà, wọ́n tì í sí Gíní, kò sẹ́ni tó fẹ́ kó jẹ́ ti ilé òun. Sòbìà táwa ń pè é ò bú ìlú ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́, ìhà ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n gbé mi lọ. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi máa ń na ẹsẹ̀ ẹ̀ sí ojú ọ̀nà, àkísà wà ní kókósẹ̀ ẹ̀. Mo ní kó tú u kí n rí i. Nǹkan funfun kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tí wọ́n fi ń rán bàtà, yọ lójú egbò, wọ́n sì wé e mọ́ igi ìṣáná. Ìyá ẹ̀ ló ń yí igi náà láràárọ̀, díẹ̀ ṣáá, kò gbọ́dọ̀ kánjú, torí tó bá já, èyí tó kù nínú á jẹ́ kẹ́sẹ̀ wú, á sì kẹ̀. Aràn yẹn lè gùn tó mítà kan. Omi odò tàbí adágún ló ń gbà wọlé: kòkòrò bíńtín kan tó ń jẹ́ Cyclops ló máa ń gbé ọmọ aràn náà mì, èèyàn á mu kòkòrò mọ́ omi, nígbà tó bá tó nǹkan bí ọdún kan, sòbìà á wá ọ̀nà jáde. Cyclops, nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni òmìrán olójú kan. Kòkòrò yìí náà, ojú kan ló ní níwájú orí.

Nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, àwọn tó ní i lé ní 650,000. Ọ̀gágun Yakubu Gowon àti Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, gbé ọ̀rọ̀ náà rù. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sí oògùn tó ń pa á. Aṣọ asẹ́, omi kànga ẹ̀rọ, àti bíbẹ ẹni tó ní i pé kó má kẹsẹ̀ bọ odò mọ́, òun ló ṣe é. Ọdún 2008 la rí èyí tó gbẹ̀yìn nílé wa, lọ́dún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Ó ṣì kù díẹ̀ láwọn ilẹ̀ bíi Chad àti South Sudan, ó sì ti ń ran ajá báyìí. Àwọn ọmọ-ọmọ yín ṣì ń gbọ́ ọ pé kí sòbìà tó degbò ni à á ké sí olúgànbe, wọn ò sì mọ sòbìà, wọn ò mọ olúgànbe. Ẹ jókòó tì wọ́n, Bàbá, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn.

Màmá, ọdẹ ni mí. Ọmọ mi fi fóònù wo òjòlá, ó ní orúkọ ẹ̀ ni Python sebae. Ta ni Seba? Ṣé òun ló kọ́kọ́ pa á ni? — Ọdẹ, Ìsẹ́yìn

Kò pa á o, ọdẹ. Albertus Seba, oníṣòwò oògùn ni ní Amsterdam. Tí ọkọ̀ òkun bá ti gúnlẹ̀, á lọ tọ́jú àwọn atukọ̀, á ra ejò, ìkarahun àti ẹyẹ tí wọ́n kó bọ̀. Ó kó o jọ débi pé Ọba Peter ti Rọ́ṣíà ra odindi ẹrù náà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Lẹ́yìn ikú ẹ̀, ará Jámánì kan, Gmelin, ló fi orúkọ ẹ̀ sọ òjòlá lọ́dún 1789. Python ẹ̀wẹ̀, ejò ńlá tó ń ṣọ́ ojúbọ Delphi ni nínú ìtàn Gíríìkì. Apollo, òrìṣà wọn, ta á lọ́fà, òkú ẹ̀ jẹrà síbẹ̀, wọ́n sì so orúkọ náà mọ́ pythein, kí nǹkan máa rà. Ìbátan ẹ̀ kékeré ni Python regius, ti ọba, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í pa ní Ouidah nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Orúkọ tẹ́yin ọdẹ fún ejò wúlò fún mi ju tiwọn lọ. Paramọ́lẹ̀ ń pa ara mọ́ ilẹ̀; ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn ti mọ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀. Viper tiwọn, látinú vivus àti parere, ó ní òun ń bímọ láàyè. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ fún ọká, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la inú ẹ̀ rí mọ̀ pé ọmọ lẹ bá níbẹ̀, kì í ṣe ẹyin. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ìyẹn máa gbà sílẹ̀ lóru.

Ẹ ǹ lẹ́ Mà. Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀kùn ní ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, mille ni ẹgbẹ̀rún, pes ni ẹsẹ̀, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní millipede. Irọ́ funfun báláú ni fún ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ ní tó irinwó. Lọ́dún 2021 ni wọ́n kéde ọ̀kan tí wọ́n rí nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ láti wá ohun àlùmọ́nì, ní ìwọ̀n 60 mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ní apá ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 1,306. Wọ́n bá sọ ọ́ ní Eumillipes, ẹlẹ́gbẹ̀rún ẹsẹ̀ tòótọ́. Ti centipede ló burú jù, èyí tó ń ta oró, tí wọ́n pè ní ọlọ́gọ́rùn-ún ẹsẹ̀. Iye ìsọ̀rí ẹsẹ̀ méjì-méjì tó máa ń ní kì í ṣeé pín sí méjì dọ́gba: ó lè jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè jẹ́ mọ́kànlélógún, ó lè jẹ́ mọ́kànléláàádọ́ta, kò ní jẹ́ àádọ́ta. Gbà á rò wò, kò sí bó ṣe máa pé ọgọ́rùn-ún.